Ẹ̀bẹ̀ Tí Wọ́n Bẹ̀ Fún Làmídì

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Ọ̀tà, ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé mo ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, síbẹ̀ àjèjì ni mí. Mo ti múra sílẹ̀ fún òkèèrè kí n tó kúrò nílé. Lọ́kàn tèmi, òkèèrè ni ibi tí èdè ti yàtọ̀, tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ júwe nǹkan fún ènìyàn. N kò mọ̀ pé ènìyàn lè wà ní òkèèrè, kí wọ́n máa kí i pé ẹ kú iṣẹ́, kí òun náà sì máa dáhùn.

"Níbo lo ti wá?" Ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá géètì iléeṣẹ́ wa ló bi mí.

"Kétu ni, mà."

"Kétu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mile 12? Ṣebí Èkó nìyẹn. Kí ló dé tí o wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó há nǹkan sẹ́nu?"

Mo ṣàlàyé pé Kétu tèmi wà ní òdìkejì bọ́dà, pé ìlú ọba aládé ni, pé ó ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fa ààlà kankan. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó fi búrẹ́dì mi sínú ọ̀rá, ó nawọ́ rẹ̀ sí mi.

"Mo ti gbọ́," ó ní. "Ó dàbọ̀ o, Kútọnu."

Bí mo ṣe di Kútọnu nìyẹn, èmi tí n kò lò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ ní Kútọnu rí. Mo rò ó wò, mo rí i pé kò sí ìkà nínú rẹ̀. Wọ́n kàn nílò orúkọ kan tí wọ́n máa fi mọ ibi tí wọ́n máa gbé mi sí.

Òfin ni mo kà ní yunifásítì, ní èdè Faransé. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ kápẹ́ńtà lè gbé òòlù rẹ̀ kọjá bọ́dà, igi kò ní béèrè ìlú tó ti wá. Òfin kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin tí mo mọ̀ parí síbi tí ilẹ̀ wa parí sí, èyí tó wà níbí sì jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe àga oníke ni mo ti ríṣẹ́. Àga á jáde láti inú ẹ̀rọ pẹ̀lú ooru, èmi á sì fi abẹ gé etí rẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù. Ariwo ibẹ̀ pọ̀ débi pé a kì í sọ̀rọ̀, a kàn máa ń mi orí síra wa. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀, bíi tèmi, lè fara da ìyẹn. Ọjọ́ Àìkú ló ṣòro. Gbogbo ilé á ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ojú pópó á kún fún ọkọ̀ àwọn tó ń lọ jọ́sìn, inú ilé wa á sì dákẹ́ rọ́rọ́.

Ọjọ́ náà ni ìyá mi máa ń pè.

"Ṣé wọ́n ń kí ọ níbẹ̀?"

"Wọ́n ń kí mi, Ìyá."

"Ó tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń kí ènìyàn, ó ṣe é gbé."

N kò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n n kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ pátápátá. Wọ́n máa ń kí ẹni tó ń kọjá lọ náà. Mo ní àwọn ìṣẹ́gun kéékèèké tèmi, a kì í fi irú wọn ránṣẹ́ sílé. Ọjọ́ kan, awakọ̀ kan ní Sángó fẹ́ gbé mi kọjá ibi tí mo ń lọ, mo sì pariwo "Ó wà o!" láìronú, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn wò mí. Inú mi dùn di ọjọ́ kejì.

Làmídì ni a jọ ń gbé yàrá kan, nínú ilé Bàbá Àkànjí, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ìdìrókò. Ọmọ Pobè ni Làmídì, òdìkejì bọ́dà lòun náà ti wá, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ níbí jù mí lọ. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe wáyà iná ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹlẹ́fẹ̀ ni, kò sì ní sùúrù fún bí mo ṣe máa ń wọn ọ̀rọ̀.

"Lọ́yà tí kò lẹ́jọ́," ló máa ń pè mí. "Òjò ń rọ̀ lórí aṣọ rẹ níta. Àbí o ṣì fẹ́ gbọ́ ẹnu ẹlẹ́rìí kí o tó ká a?"

Ní ọjọ́ Àlàmísì kan, kò wálé. Ẹnì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló wá sọ fún wa. Àwọn ọlọ́dẹ iléeṣẹ́ yẹ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ wò kó tó jáde ní géètì, wọ́n sì bá ìdì wáyà kọ́pà kan lábẹ́ àga. Àga tí Làmídì máa ń jókòó sí ni. Ó ti wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá.

"Ṣé ó ti wọ bọ́ọ̀sì náà nígbà tí wọ́n bá wáyà níbẹ̀?" mo bi í.

"Kò tíì wọ̀ ọ́."

"Ta ló rí i tó gbé e síbẹ̀?"

"Bọ̀dá, mo kàn wá jíṣẹ́ ni. Èmi kọ́ ni kóòtù."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí Bàbá Àkànjí ti wọ agbádá. Ọmọ bíbí Ọ̀tà ni Bàbá, Awórì tí bàbá rẹ̀ dáko síbi tí àwọn iléeṣẹ́ wà báyìí. Ó ti ránṣẹ́ pe àgbà méjì láàárín àwọn onílé àdúgbò, ìyàwó rẹ̀ náà sì ti wé gèlè.

"Wọ bàtà rẹ," ó ní fún mi. "À ń lọ bẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀."

"Bàbá, kí la fẹ́ bẹ̀ wọ́n fún? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó ṣe é."

"Ìyẹn ṣì ń bọ̀. Bí ilé bá ń jó, ìwọ á kọ́kọ́ béèrè ẹni tó dáná kí o tó pọn omi?"

Mo tẹ̀ lé wọn. Ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ náà jẹ́ òyìnbó kan tí ara rẹ̀ balẹ̀, àlejò nílẹ̀ yìí bíi tèmi. Àwọn àgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìlì ọ́fíìsì rẹ̀, Ìyá Àkànjí kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì í, ọmọdé ni," ni wọ́n ń wí. Òyìnbó náà dìde láti orí àga rẹ̀, ẹ̀rù fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á. Ó bi akọ̀wé rẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n ń sọ. Akọ̀wé náà fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé wọ́n ń tọrọ ìdáríjì fún ohun tí ọmọ wọn ṣe. Mo rí ojú òyìnbó náà bó ṣe yí padà. Kò bínú. Ó dà bí ẹni tí wọ́n ti yanjú ìṣòro kan fún. Nígbà tí wọ́n gbé Làmídì dé kóòtù, ọlọ́pàá tó ń rojọ́ sọ fún adájọ́ pé àwọn ẹbí olùjẹ́jọ́ ti wá bẹ̀bẹ̀, èyí tó fi hàn pé wọ́n mọ̀ pé ó jalè.

Wọ́n ní kí ẹni tó máa gba béèlì rẹ̀ jẹ́ ẹni tó ní ilé lágbègbè kóòtù náà. Mo wo ara mi. Gbogbo ohun tí mo ní kò ju àpò kan lọ. Bàbá Àkànjí ló na ọwọ́ sókè. Akọ̀wé kóòtù kan bi í bóyá ó mọ̀ pé bí olùjẹ́jọ́ bá sá kọjá bọ́dà, ọrùn òun ni ọ̀rọ̀ náà máa wà.

"Mo mọ̀," Bàbá ní.

"Kí ni Làmídì jẹ́ sí yín, sà?"

"Ilé mi ló ń gbé."

Títí di òní, mo ṣì ń ronú sí ìdáhùn yẹn. Kò sọ pé ènìyàn dáadáa ni. Kò sọ pé kò jí i. Gbogbo ohun tí mo kà nípa ọmọ onílùú àti àlejò, nípa ìwé ìgbélùú àti ẹ̀tọ́ ẹni tó ti òkèèrè wá, kò sí ibì kan tí mo ti rí i kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ sọ ọ́.

Síbẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó yẹ ìwé Bàbá wò tán, Làmídì sì wà ní àtìmọ́lé ní gbogbo àkókò náà. Ìyá rẹ̀ pè mí láti Pobè, nítorí fóònù Làmídì kò lọ. N kò lè parọ́ fún un. Ó gbọ́ mi tán.

"Ọmọ mi kò jí nǹkan kan," ó ní.

"Wọn kò tíì rí ẹ̀rí, mà."

"Mo ní ọmọ mi kò jí nǹkan kan. Ìwọ ńkọ́?"

"Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tó, mà."

Mo ń gbọ́ adìẹ ní ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, bí ènìyàn ṣe máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé báńkì, ó sì pa fóònù.

Nígbàkígbà tí iṣẹ́ mi bá bọ́ sí ọ̀sán, kóòtù ni mo máa ń wà láàárọ̀. Níbẹ̀ ni mo ti mọ Ìyáàfin Ṣómidé, lọ́yà ìjọba tí wọ́n gbé ẹjọ́ Làmídì lé lọ́wọ́ lẹ́yìn ọlọ́pàá yẹn. Nílé, orí pèpéle ni ẹni tó ń rojọ́ fún ìjọba máa ń jókòó sí, ní ẹ̀gbẹ́ adájọ́, yóò sì máa wo gbogbo wa láti òkè. Níbí, ìsàlẹ̀ ló dúró sí, lórí ilẹ̀ kan náà pẹ̀lú olùjẹ́jọ́. N kò lè sọ pé ọ̀kan sàn ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n ó rọrùn fún àwọn ará ìlú láti fa aṣọ rẹ̀, wọ́n sì ń fà á.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin méjì tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan wá síwájú rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti jà lórí ẹnu ẹ̀rọ omi, ọ̀kan ti gé èkejì lọ́wọ́ jẹ. Ó wo ọwọ́ náà.

"Ṣé ó dùn nígbà tí o gé e jẹ?" ó bi ẹni tó gé ọwọ́ jẹ. Èkejì bú sẹ́rìn-ín kí ó tó rántí pé òun ló fisùn. "Ẹ lọ sílé. Ẹ pe àgbà kan, ẹ tọ́jú ọwọ́ yìí, kí ẹ sì padà wá sọ ohun tí ẹ fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Màá bá yín sọ ọ́ fún adájọ́."

Wọn kò tíì jáde tán tí ìdílé kan fi wọlé, ọ̀pọ̀ àgbà, pásítọ̀ kan wà láàárín wọn. Ọmọ wọn ọkùnrin ni wọ́n fi ẹ̀sùn kàn pé ó fipá bá ọmọ ayálégbé wọn lò, ọmọ tó ṣì ń lọ sí pírámárì. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní ìyá ọmọ náà ti gbà kí wọ́n parí ẹ̀ nílé.

"Ẹ dìde," ó ní.

Wọn kò dìde.

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kò tó ẹni tí í gba ẹ̀bẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò lè gbà á fún un, èmi náà kò lè gbà á. Màá ro ẹjọ́ yìí dópin."

Kò gbé ohùn sókè. Pásítọ̀ náà ni ó kọ́kọ́ dìde. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ni kò jẹ́ kí òfin ṣiṣẹ́ nílẹ̀ wa, ní ìhà méjèèjì bọ́dà. Ọjọ́ náà ni mo rí ẹni tó mọ ibi tí ẹ̀bẹ̀ gbọ́dọ̀ dé, tó sì mọ ibi tí kò gbọ́dọ̀ dé, tí kò sì tijú èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Bó ṣe ń yí padà ló rí mi.

"Ìwọ, gbogbo ìgbà ni mo ń rí ọ. Ẹjọ́ ta lò ń tẹ̀ lé?"

Mo sọ fún un. Mo sọ pé mo ka òfin lọ́hùn-ún.

"Ti Faransé? Ó dáa. Bí ẹbí olùjẹ́jọ́ bá lọ bẹ olùfisùn lọ́hùn-ún, kí lẹ máa ń kà á sí?"

"Ó sinmi lórí ohun tí wọ́n bá sọ, mà, àti ẹni tó sọ ọ́, àti bóyá olùjẹ́jọ́ ló rán wọn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Lọ́yà ni ọ́ lóòótọ́. Kò sí ohun tí ènìyàn lè mú dání nínú ọ̀rọ̀ rẹ. Mú bàbá yẹn wá bá mi."

Bàbá Àkànjí jókòó níwájú rẹ̀ pẹ̀lú fìlà lórí itan.

"Bàbá, ṣé Làmídì sọ fún yín pé òun jí wáyà náà?"

"A kò tíì fojú kàn án nígbà tí a lọ."

"Kí lẹ wá bẹ̀ fún?"

Ó wò ó bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè ọmọdé. "Wọ́n ń bínú ni. Ẹni tó ń bínú là ń bẹ̀, ìyàwó mi. A kì í bẹ ẹni tó jẹ̀bi."

Ìyáàfin Ṣómidé kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ lọ sí iléeṣẹ́ náà. Ó rí i pé bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ máa ń wà ní ìta láti àárọ̀ láìti ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni lè wọ̀ ọ́, ẹnikẹ́ni sì lè jókòó sórí àga yẹn. Kò rí ẹnì kan tó rí Làmídì pẹ̀lú wáyà. Nígbà tí wọ́n pe ẹjọ́ náà, ó sọ fún adájọ́ pé bí a bá yọ ẹ̀bẹ̀ kúrò nínú ẹ̀sùn yìí, àga bọ́ọ̀sì kan ló kù, òun kò sì lè fi àga rojọ́. Ó fa ẹjọ́ náà padà. Adájọ́ ní kí Làmídì máa lọ.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Kò parí. Wọ́n tú u sílẹ̀, ìyẹn kò jọ pé wọ́n dá a láre, àdúgbò sì mọ ìyàtọ̀ náà láìka òfin. Aládùúgbò wa kan tó máa ń fi ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀ lórí iná bẹ̀rẹ̀ sí í dúró tì í. Ìyá Búrẹ́dì sọ níwájú mi pé, "Wọ́n á ti fún lọ́yà ìjọba yẹn ní nǹkan." Làmídì kò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Aṣọ wà níta nínú òjò, kò sọ nǹkan kan.

Bàbá Àkànjí ló lọ bẹ Ìyáàfin Ṣómidé. Wọ́n tún bẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí ó wá bá ìpàdé àwọn onílé sọ̀rọ̀, nítorí ẹnu tó fẹ̀sùn kan ènìyàn ní gbangba, gbangba náà ló yẹ kí ó ti gbà á sílẹ̀.

Ó wá ní ọjọ́ Sátidé, sí ọgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí a ti ń ṣe ìpàdé. Ó wọ aṣọ àdìrẹ, kò wọ aṣọ kóòtù.

"Ẹ̀bẹ̀ dára," ó ní. "Bí ẹ bá ja ìjà àdúgbò, ẹ bẹ ara yín, ẹ wá sọ fún mi. Bí ó bá jẹ́ ti ọmọ tí wọ́n fipá bá lò, ẹ má kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì mi. Bí ẹ bá sì mú ẹni tí ẹ pè ní olè, tí ẹ gbé táyà kọ́ ọ lọ́rùn, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti olè nìyẹn. Ẹ̀yin ni màá wá rojọ́ mọ́, ti ìpànìyàn."

"Màdáámù," ọkùnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn, "tí wọ́n bá wá jí jẹnẹrétọ̀ mi ńkọ́? Ṣé kí n bu omi fún olè náà mu ni?"

"Bí òǹgbẹ bá ń gbẹ ẹ́. Kí ẹ wá pe ọlọ́pàá."

Gbogbo ìpàdé rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó pe orúkọ Làmídì, ó ní òun yẹ ẹ̀sùn rẹ̀ wò pẹ̀lú ojú ara òun, òun kò sì rí ohun kan tó so ó mọ́ olè jíjà.

Ìyá Búrẹ́dì dìde. "Tí kò bá jí i, kí ló dé tí Bàbá Àkànjí lọ dọ̀bálẹ̀?"

Bàbá kò dìde lórí ìjókòó rẹ̀. "Ìyá Búrẹ́dì, nígbà tí mọ́tò kọ lu tábìlì rẹ, tí awakọ̀ sọ̀kalẹ̀ tó ń ké mọ́ ọ, ta ló ń sọ pé ẹ má bínú, sà?"

"Èmi ni."

"Ṣé ìwọ lo wa mọ́tò?"

Ẹ̀rín tó sọ níbẹ̀ pọ̀ débi pé òun gan-an fi gèlè bo ẹnu. Nígbà tí ìpàdé tú, àwọn ènìyàn wá bọ Làmídì lọ́wọ́, Ìyá Búrẹ́dì náà sì wá, ó ní kí Làmídì wá mú búrẹ́dì láàárọ̀.

Àwa méjèèjì jọ rìn padà sílé. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ńlá la dé tí Làmídì fi yíjú sí mi.

"Lọ́yà ìjọba ní òun kò rí ẹ̀rí," ó ní. "Bàbá bẹ̀bẹ̀ kí ó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá mi, ìyá mi ni. Ìwọ lo ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ṣé mo jí i?"

Mo ti gbé e yẹ̀ wò láti gbogbo ìhà. N kò sí ní iléeṣẹ́ wọn lọ́jọ́ náà. Bọ́ọ̀sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, tó fi mọ́ òun. Pé ènìyàn máa ń ṣẹ̀fẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí, pé ó ń sùn dáadáa kì í ṣe ẹ̀rí. Mo mọ ìdáhùn tó tọ́ lábẹ́ òfin ìhà méjèèjì bọ́dà, ó sì wà lẹ́nu mi.

"O kò jí i," mo ní.

Làmídì dúró. Ó wò mí títí, ó ń retí àlàyé tàbí 'ṣùgbọ́n' tí mo máa fi kún ọ̀rọ̀ náà. N kò fi nǹkan kan kún un.